Èsì Ìdánwò Àti Ipò Ilé-Ìwé: Ǹjẹ́ Òṣùwọ̀n Náà Pé?

Oṣù kẹjọ ọdún jẹ́ oṣù ìpayà ní ilé ọ̀pọ̀ òbí ní Nàìjíríà, nítorí pé ìgbà náà ni èsì ìdánwò àṣekágbá ilé-ìwé girama máa ń jáde. Ṣùgbọ́n ti ọdún 2025 ṣe àrà ọ̀tọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà ni àjọ WAEC kéde pé nínú 1,969,313 ọmọ tí ó jókòó ṣe ìdánwò ní orílẹ̀-èdè yìí, 754,545 péré ni ó gba kírẹ́díìtì márùn-ún tí èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ìdá 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ni èyí jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ ìdá 72.12 ní ọdún tí ó ṣáájú. Ariwo ta. Wọ́n bú àwọn ọmọ pé fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ tọ̀sán-tòru. Wọ́n bú àwọn olùkọ́ pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Wọ́n bú ìjọba pé ó ti pa ilé-ìwé tì. Ọ̀gá ilé-ìwé tí ó ti ń múra láti gbé àwòrán àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́ sí ẹnu ọ̀nà yára ká ọwọ́ kò.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kan náà, àjọ WAEC tún padà síwájú ará ìlú. Àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún náà, wọ́n ti yí ètò àwọn ìbéèrè padà láti ìwé kan sí èkejì, kí ọmọ má baà lè jí ìdáhùn ẹni tí ó jókòó tì í wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń máàkì àwọn ìbéèrè oníyíyàn ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ìdáhùn tí wọ́n fi wé iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọmọ kì í ṣe ti ìwé tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n tún iṣẹ́ náà ṣe, àwọn tí ó yege di 1,239,884, èyí tí ó jẹ́ ìdá 62.96.

Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, 485,339 ọmọ kúrò ní ipò ẹni tí kò yege, wọ́n bọ́ sí ipò ẹni tí ó yege, láìtún fi ọwọ́ kan bírò. Kò sí olùkọ́ tí ó kọ́ wọn ní ohun tuntun láàárín àkókò náà, kò sì sí ilé-ìwé tí wọ́n tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Síbẹ̀, gbogbo èébú tí ó bá ilé-ìwé ní ọjọ́ kẹrin oṣù, iye tí kò tọ̀nà ni ìdí rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àjọ JAMB, tí 379,997 ọmọ ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márààrún Gúúsù-Ìlà-Oòrùn fi ní láti tún ìdánwò wọn ṣe, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, olórí àjọ náà, sì sunkún ní gbangba nígbà tí ó ń tọrọ àforíjì.

Àṣìṣe kì í wáyé lọ́dọọdún, ẹni tí ó bá sì ṣe é tí ó jẹ́wọ́ yẹ ní ìyìn díẹ̀. Ìbéèrè tí ó ṣẹ́ kù ni ó wúwo jù. Nígbà tí iye náà bá tilẹ̀ pé, tí kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, kí ni ó ń sọ fún ènìyàn nípa ilé-ìwé tí ọmọ ti jáde?

IBI TÍ ÀTẸ TI Ń WÁ

Wọn kò dá ìdánwò WAEC sílẹ̀ láti fi to ilé-ìwé ní ipò kìíní àti ipò kejì. Láti ọdún 1952 tí wọ́n ti dá àjọ náà sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wádìí ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ̀, kí ó sì fún un ní ìwé ẹ̀rí tí yunifásítì àti agbanisíṣẹ́ lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ará ìlú, àwọn oníwèé ìròyìn, ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn tí ó ni ilé-ìwé àdáni ni ó gbé iye náà kúrò níbẹ̀, tí wọ́n sọ ọ́ di eré ìje. Lọ́dọọdún ni àtẹ tí ó to àwọn ìpínlẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni ìkẹyìn máa ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, tí ènìyàn kì í sì í mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Gómìnà tí ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá wà lókè yóò ṣe ìdúpẹ́. Èyí tí tirẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ yóò ní irọ́ ni àtẹ náà, lẹ́yìn náà kọmíṣọ́nnà rẹ̀ yóò kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé pé kí wọ́n wá sọ tẹnu wọn.

Ní ti àwọn ilé-ìwé àdáni, pátákó ńlá ni. Wọn a kọ ọ́ gàdàgbà pé gbogbo ọmọ àwọn ni ó yege, ìdá ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Owó kékeré kọ́ ni ó wà nídìí irú pátákó bẹ́ẹ̀. Òbí tí ó rí i yóò yọ ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé-ìwé ìjọba tí kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ sí ilé rẹ̀. Yóò bẹ olórí àjọ kí ó kọ́kọ́ da ti òun fún òun. Òmíràn yóò ta aṣọ òkè tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Nítorí náà, ó tọ́ kí ènìyàn mọ ohun tí ó wà nínú ìdá ọgọ́rùn-ún yẹn kí owó tó jáde lápò.

ỌMỌ TÍ Ó WỌLÉ ÀTI ỌMỌ TÍ KÒ JÓKÒÓ

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ilé-ìwé méjì. Àkọ́kọ́ ṣe ìdánwò àbáwọlé fún ẹgbẹ̀ta ọmọ, ó sì mú 50 tí ó mókè jù lọ. Àwọn òbí wọn kàwé, ìwé wà nílé, olùkọ́ lẹ́sìnnì ń wá bá wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ní òpin ọdún mẹ́fà, 48 nínú wọn gba kírẹ́díìtì márùn-ún. Ilé-ìwé kejì wà ní ẹ̀yìn odi, ó gba ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ó wá láìṣa ẹnì kan. Nígbà tí wọ́n wọlé, bóyá ni 20 nínú wọn lè ka ojú ewé Gẹ̀ẹ́sì kan dán. Ní òpin ọdún mẹ́fà, 55 nínú wọn yege. Nínú àtẹ, ìdá 96 ni ti àkọ́kọ́, ìdá 55 ni ti èkejì, èkíní yóò sì máa fi èkejì ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé-ìwé àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tí wọ́n ń lọ kí wọ́n tó wọlé. Ní ti èkejì, ó lé ní ọgbọ̀n ọmọ tí ó gba ìwé ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò retí lọ́wọ́ wọn. Ta ni ó ṣiṣẹ́ jù nínú àwọn olùkọ́ méjèèjì?

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004 ti sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọmọ lọ sí ilé-ìwé fún ọdún mẹ́sàn-án, láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé òpin ipele kékeré ní girama. Ilé-ìwé tí òfin ní kí ó gba gbogbo ọmọ tí ó bá wá, kò lè bá èyí tí ó ń ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà jókòó lórí òṣùwọ̀n kan náà. King's College ti wà ní Èkó láti ọdún 1909, Queen's College láti ọdún 1927, àwọn ilé-ìwé ìṣọ̀kan tí ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá sílẹ̀ ní ọdún 1966 wà káàkiri. Ilé-ìwé tí ó lórúkọ ni wọ́n, orúkọ náà sì tọ́ sí wọn. Síbẹ̀, ìdánwò ni ọmọ fi ń wọ ibẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń ka èsì wọn gbọ́dọ̀ rántí ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọmọ náà gbà wọlé.

Èyí tí ó burú ju ìyẹn lọ ni ti ọmọ tí kò jókòó rárá. Iye tí a ń pè ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ní òkè, ó sì ní ìsàlẹ̀. Iye àwọn tí ó yege ni òkè rẹ̀, iye àwọn tí ó jókòó ṣe ìdánwò ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Láti mú òkè pọ̀ sí i, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni. Láti dín ìsàlẹ̀ kù, kò gbà ju ọ̀sán ọjọ́ kan lọ. Ẹni tí ó bá ti ra gàárì lọ́jà mọ̀ pé kóńgò méjì lè jọ ara wọn lójú, kó jẹ́ pé wọ́n ti lu ìdí ọ̀kan wọnú. Ẹnu kóńgò náà yóò kún dáadáa, gàárì yóò ga lórí rẹ̀ bí òkè, ilé ni ẹni tí ó rà á yóò ti mọ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń lu ìdí kóńgò ilé-ìwé wọnú. Nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò bá kù fẹ́ẹ́fẹ́, wọn yóò pe ìyá ọmọ sí ọ́fíìsì. "Ìyá, ẹ kú àìfararọ o. Ọmọ yín kò tíì ṣetán. Ẹ jẹ́ kó tún kíláàsì yìí kà, tàbí kí ẹ lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbòmíràn, torí a ò fẹ́ kó fi owó yín ṣòfò." Ìyá yóò kúnlẹ̀, yóò ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàánú mi, ọdún karùn-ún rẹ̀ lọ́dọ̀ yín rèé." Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́ fún un, bí ẹni pé ire rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí pátákó bá jáde, orúkọ ọmọ náà kò sí lára àwọn tí ó yege, kò sì sí lára àwọn tí ó kùnà. Inú àtẹ, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé kò wá sí ilé-ìwé náà rí. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni ó ń fẹ́ olùkọ́ jù.

Ìjọba ìpínlẹ̀ mìíràn pàápàá ní irú asẹ́ yìí. Ní Kano àti ní àwọn ibòmíràn ní Àríwá, ìdánwò àyẹ̀wò kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ yege kí ìjọba tó san owó ìdánwò àṣekágbá fún un. Owó ìlú kì í ṣe ohun àfiṣòfò, ìdí wà fún un. Ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe láti mú ìpínlẹ̀ tí ó sẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó tó rán wọn jáde, kí a fi wé èyí tí ó rán gbogbo wọn, kí a sì pe ìyẹn ní ìdájọ́ òdodo.

Ilé-ìwé kékeré tún ní ìyà tirẹ̀. Níbi tí ogún ọmọ péré ti jókòó, bí ibà bá dá ọ̀kan ṣoṣo dùbúlẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìṣirò, ìdá márùn-ún ti lọ.

ÌDÁHÙN TÍ KÒ TI INÚ ỌMỌ WÁ

Àwọn àgbàlagbà yóò rántí ọdún 1977, nígbà tí ìbéèrè ìdánwò WAEC tú síta débi tí ará ìlú fi sọ ọ́ ní Expo 77. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ èdè àwọn ọmọ ilé-ìwé, tí kò sì tíì jáde. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun gbé òfin ogún jáde, pé ẹni tí ó bá ṣe màgòmágó nínú ìdánwò lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mọ́kànlélógún. Òfin ti ọdún 1999 wá rọ ìyà náà lọ́pọ̀lọpọ̀. Èyí tí ó le àti èyí tí ó rọ̀, kò sí èyí tí ó pa ìwà náà run. Ní ọdún 2024, èsì 215,267 ọmọ ni àjọ WAEC dá dúró nítorí ẹ̀sùn èrú. Ní ọdún 2025, ó jẹ́ 192,089, ìdá 9.75 nínú àwọn tí ó jókòó.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé àwọn ilé-ìwé kan wà tí àwọn ọmọ ń sá lọ ní ọdún ìkẹyìn wọn, tí wọ́n ń fi àwàdà pè ní ilé iṣẹ́ ìyanu. Wọn kì í kọ́ni níbẹ̀ púpọ̀. Owó ni òbí ń san, ìdáhùn sì ń wọlé. Nínú àtẹ, irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ àti èyí tí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ń dúró dìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ọ̀kan náà ni wọ́n, àfi bí ti ilé iṣẹ́ ìyanu bá tún wá lékè. Bí wọ́n bá so ìgbéga olùkọ́ àti ojúure kọmíṣọ́nnà mọ́ ipò inú àtẹ, wọ́n ti fún olè ní iṣẹ́ ṣe. Ẹni tí ó ń jìyà rẹ̀ ni olùkọ́ tí ó dúró sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò, tí ó kọ̀ láti jẹ́ kí ìwé kankan wọlé, tí ilé-ìwé rẹ̀ sì wá wà nísàlẹ̀.

OHUN TÍ WỌ́N TI RÍ NÍ ÀTIJỌ́

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1862, Robert Lowe, tí ó wà nídìí ètò ẹ̀kọ́ ní England, so owó ìrànwọ́ ìjọba mọ́ ohun tí ọmọ bá lè ṣe níwájú alábẹ̀wò ilé-ìwé. Ṣílè mẹ́jọ ni ó wà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó bá wá déédéé, fún ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò. Bí ó bá kùnà ní ọ̀kan, ṣílè méjì àti pẹ́nì mẹ́jọ jábọ́ nínú owó ilé-ìwé. Kí ni àwọn olùkọ́ ṣe? Wọ́n mú kí àwọn ọmọ há ìwé kíkà náà sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀kọ́ tí kò mówó wọlé di àpatì. Matthew Arnold, akéwì tí ó tún jẹ́ alábẹ̀wò ilé-ìwé, kọ ọ́ nínú ìròyìn rẹ̀ sí ìjọba pé ìkọ́ni ti ń di iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó di ọdún 1897 kí ìlànà náà tó kásẹ̀ nílẹ̀ tán.

Kí ó tó kú nílé, ó ti rin ìrìn-àjò. Òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 1882 fún àwọn ilẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àti èyí tí wọ́n ṣe fún Èkó ní ọdún 1887, mú èsì ìdánwò wọ inú ìṣirò owó ìrànwọ́ àwọn ilé-ìwé ìjọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ Èkó ti ń gbé owó olùkọ́ rẹ̀ lórí lọ síwájú alábẹ̀wò, kí púpọ̀ nínú ilẹ̀ Nàìjíríà tó mọ ohun tí ń jẹ́ ilé-ìwé.

Ẹni tí ó yí i padà kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ìbá retí. Lẹ́yìn tí Lugard ti so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ ní ọdún 1914, ó gbé ìlànà tuntun jáde ní ọdún 1916 fún àwọn ilé-ìwé tí ń gba ìrànwọ́. Ọgọ́rùn-ún máàkì ni wọ́n fi ń díwọ̀n ilé-ìwé. 30 wà fún ìwà, ìbáwí àti ètò inú ilé-ìwé. 20 wà fún àwọn olùkọ́, bí wọ́n ṣe pọ̀ tó àti bí wọ́n ṣe mọ iṣẹ́ tó. 40 wà fún ìdánwò àti ìlọsíwájú àwọn ọmọ. 10 wà fún ilé, ohun èlò àti ìmọ́tótó. Lugard kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọmọ Áfíríkà tí ó kàwé, gbogbo ayé ni ó mọ èyí, máàkì tí ó fi sórí ìwà àti ìbáwí kò sì ṣẹ̀yìn ìfẹ́ rẹ̀ pé kí àwọn ọmọ náà máa tẹrí ba fún ìjọba. Ṣùgbọ́n òun pàápàá rí i pé ìdánwò kò tó ìdajì ohun tí ilé-ìwé jẹ́. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Lónìí, àtẹ wo ni ó fún ilé ìgbẹ́ ilé-ìwé ní máàkì kan ṣoṣo? Àtẹ wo ni ó béèrè bóyá olùkọ́ físíìsì wà níbẹ̀?

Ìtàn kejì súnmọ́ ilé jù. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Obafemi Awolowo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 sí nǹkan bí 811,000 ní ọdún 1955. Kò pẹ́ kò jìnnà, ariwo gbalẹ̀ pé ẹ̀kọ́ ti wó lulẹ̀, títí tí ìjọba fi gbé ìgbìmọ̀ Banjo kalẹ̀ láti wádìí rẹ̀, tí ìgbìmọ̀ náà sì jábọ̀ ní ọdún 1961. Òótọ́ wà nínú ariwo náà, nítorí pé olùkọ́ tí kò gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ pọ̀ lápọ̀jù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn aláriwo kò kà mọ́ ọn. Ọmọ àgbẹ̀ tí kò ní àǹfààní láti kùnà ní ọdún 1950, nítorí pé oko ni ó wà, ti wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò ní ọdún 1960. Bí ẹnu ọ̀nà bá ti fẹ̀, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún lè wálẹ̀, kí ìmọ̀ ìlú sì máa gòkè.

ÀWỌN TÍ Ó TI GBÉ ÀTẸ NÁÀ FÚN ỌDÚN PÍPẸ́

England tí ó fi ìlànà Lowe sílẹ̀ tún padà sí irú rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1992 ni ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àtẹ ilé-ìwé girama jáde, tí ó ń fi hàn iye ọmọ tí ó gba ipò A sí C nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún ìdánwò GCSE. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní London mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé ilé tí ó bá súnmọ́ ilé-ìwé tí ó wà lókè àtẹ máa ń wọ́n ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni pé àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dojú kọ àwọn ọmọ tí ó wà ní ààlà C àti D. Ẹni tí yóò yege láìsí ìrànlọ́wọ́, wọn a fi sílẹ̀. Ẹni tí ó jìnnà sí C, wọn a fi sílẹ̀ pẹ̀lú. David Gillborn àti Deborah Youdell ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2000, lẹ́yìn tí wọ́n ti wo ohun tí ń lọ nínú àwọn ilé-ìwé ní London. Wales ṣíwọ́ títẹ àtẹ bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 2001.

England kò ṣíwọ́, ṣùgbọ́n ó ń tún un ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí ọmọ wà nígbà tí ó wọlé àti ibi tí ó dé nígbà tí ó jáde. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní Progress 8 bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ilé-ìwé ní ọdún 2016. Nígbà tí àrùn COVID-19 mú kí wọ́n fagi lé ìdánwò àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020 àti 2021, kò sí ohun tí wọn yóò fi díwọ̀n ìrìn àwọn ọmọ náà nígbà tí wọ́n ń jáde ní girama ní ọdún 2025, wọn kò sì rí Progress 8 ṣe. Ó kéré tán, ìjọba ibẹ̀ gbà pé ẹni tí kò mọ ibi tí ọmọ ti gbéra kò lè sọ bí ó ti rìn tó.

Harvey Goldstein, onímọ̀ ìṣirò tí ó kú ní ọdún 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ó fi hàn pé bí a bá ti yọ ti ipò tí ọmọ wà nígbà tí ó wọlé kúrò, tí a sì ro ti oríire àti àìríire mọ́ ọn, ìyàtọ̀ tí ó kù láàárín ọ̀pọ̀ jù lọ ilé-ìwé kéré débi tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ipò ogún dára ju ipò ọgọ́ta lọ. Òun àti George Leckie tún tọ́ka sí nǹkan mìíràn. Àwọn ọmọ tí èsì wọn wà nínú àtẹ tòní ti wọ ilé-ìwé náà ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ọmọ tí òbí ń wá ilé-ìwé fún lónìí, ó di ọdún bíi mélòó kan kí ó tó ṣe ìdánwò tirẹ̀. Kí ìgbà náà tó dé, ọ̀gá ilé-ìwé lè ti yí padà, olùkọ́ ìṣirò tí ó gbé wọn dé òkè sì lè ti gba ibòmíràn lọ. Ní Nàìjíríà tí ìwé ìṣípòpadà olùkọ́ ti ń dé láìròtẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju ti England lọ.

KÍ NI ÒBÍ YÓÒ WÁ WÒ?

Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni torí èyí da èsì ìdánwò nù. Ọmọ tí kò ní kírẹ́díìtì márùn-ún kò lè wọ yunifásítì, bí ó ti wù kí ìwà ilé-ìwé rẹ̀ dára tó. Ilé-ìwé tí ọmọ kan kò ti rí kírẹ́díìtì gbà nínú ìṣirò fún ọdún mẹ́ta léraléra ní àìsàn, kò sì yẹ kí ẹnì kankan máa bò ó mọ́lẹ̀. Ní ayé ìgbà tí kò sí àtẹ, àwọn tí ó mọ ènìyàn ní ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ nìkan ni ó ń mọ ilé-ìwé tí ó dára. Ìyá tí ń ta elùbọ́ kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, àtẹ ni ojú kan ṣoṣo tí ó fi ń ríran. Bí ojú náà bá ń ṣe bàìbàì, kí a wò ó sàn ni ó yẹ, kì í ṣe kí a yọ ọ́.

Ohun tí a lè fi wò ó sàn sì wà nílẹ̀. Gbogbo ọmọ tí ó bá parí ipele kékeré ní girama ni ó ń ṣe ìdánwò BECE kí ó tó wọ ipele àgbà. Ìwé èsì rẹ̀ wà nípamọ́ lọ́dọ̀ ìjọba. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ó ń ṣe ti WAEC. Bí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ kan bá gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, yóò rí ilé-ìwé tí ó gba àwọn ọmọ tí kò lágbára tí ó sì mú wọn lágbára, yóò sì rí èyí tí ó gba àwọn alágbára tí kò fi ohun kan kún un. Bí wọ́n bá tún tẹ iye ọmọ tí ó wọ SS1 jáde pẹ̀lú iye tí ó jókòó ní SS3, ọwọ́ tí ń lu ìdí kóńgò wọnú yóò hàn sí gbogbo ayé. Bí wọ́n bá sì pa èsì ọdún mẹ́ta pọ̀ dípò ọ̀kan, ibà ọmọ kan kò ní ba orúkọ ilé-ìwé kékeré jẹ́. Kò gba ẹ̀rọ tuntun, kò sì gba ìgbìmọ̀. Ó kàn gba pé kí akọ̀wé kan ṣí kọ́bọ́ọ̀dù méjì ní ọjọ́ kan náà.

Títí di ìgbà tí wọn yóò ṣe bẹ́ẹ̀, òbí tí ó bá dúró sábẹ́ pátákó tí ó ní ìdá ọgọ́rùn-ún ní ohun méjì láti béèrè kí ó tó tú àpò owó. Ọmọ mélòó ló wọ SS1 pẹ̀lú àwọn wọ̀nyí? Mélòó nínú wọn ló jókòó? Ọ̀gá ilé-ìwé tí ó bá ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, tí ó sì dáhùn láìfi ọ̀rọ̀ falẹ̀, òbí lè fà àga jókòó, kí wọ́n jọ máa sọ ti owó.